Ohun Tó Gbé Àpótí Wáífáì Lẹ̀ Mọ́ Àjà

Nígbà láéláé, nígbà tí ilé ṣì ń mí bí ènìyàn, tí òjò máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó rọ̀, ògiri ò le rárá. Ó rọ̀ bí aṣọ òfì tó ti gbó. Ohùn á gba inú rẹ̀ kọjá. Òórùn àgbàdo sísun á gba inú rẹ̀ kọjá. Àlá tí ọmọ kan ń lá nínú yàrá kan á rìn wọ yàrá kejì, ẹni tó sùn síbẹ̀ á sì bá a lá a parí.

Wáífáì ti wà nígbà náà. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn. Ta ló wà níbẹ̀ nínú yín? Wáífáì wà, ó dà bí èémí ìrọ̀lẹ́ tó ń gba orí koríko kọjá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: á gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nílé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókèèrè, á sì gbé èsì padà. Inú àpótí kékeré kan ló ń gbé, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì so àpótí náà mọ́ ayé ìta.

Ilé kan wà tó gùn bí ejò tó ń yá oòrùn. Pálọ̀ ló wà níwájú. Àwọn yàrá tò tẹ̀ lé e, ilé ìdáná tẹ̀ lé àwọn yàrá, yàrá Ìyá Àgbà ló wá kẹ́yìn pátápátá. Ládélé, ọmọ Ìyá Àgbà, ló nilé. Tinúadé ni ìyàwó rẹ̀. Àbúrò Ládélé, Àsàbí, ti lọ sí òkè òkun, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀.

Àsàbí ránṣẹ́ sílé. Ó ní, "Màmá mi ni yóò sọ ọmọ mi lórúkọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pè é, kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀ tí a ò gbọ́ nǹkan kan, àwọn ẹbí ọkọ mi á sọ ọ́ ní èyí tó wù wọ́n."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ó ń pọ́n ọn lá bí oyin.

Ládélé wá ra àpótí Wáífáì. Ibo ló gbé e sí? Inú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí ní pálọ̀! Àárín àwọn àwo tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí. Ó tún mú aṣọ funfun tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ hun, ó fi bò ó lórí bí ìyàwó tuntun. Àwa la mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó bá ti wọ́n, pálọ̀ là ń gbé e sí kí àlejò lè rí i. Ẹni tó bí wa lọ́mọ, ẹ̀yìn ilé ìdáná là ń tì í sí, kí èéfín máa bá a ṣeré. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Tinúadé dúró, ó ń wo àpótí náà. Ó ní fún ọkọ rẹ̀, "Bàbá Ìbídùn, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ wá fi aṣọ bò lẹ́nu?"

"Kí eruku má bàa wọ̀ ọ́ lójú ni."

"Eruku ò ní wọ̀ ọ́ lójú lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ní jáde lẹ́nu ẹ̀."

"O ti tún dé o. Ṣé ìwọ lo rà á ni?"

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, tí afẹ́fẹ́ ní àwọ̀ osùn, Wáífáì dìde láti lọ sí yàrá Ìyá Àgbà. Dígí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ pàdé.

Dígí ní, "Padà síbi tí o ti ń bọ̀. Ohunkóhun tó bá wá sọ́dọ̀ mi ni mo ń dá padà. Ojú Ládélé gan-an, mo ń dá a padà fún un ní àràárọ̀."

Ìdajì Wáífáì padà. Ìdajì tó kù dé ọ̀dọ̀ Ògiri. Ó rò pé á rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì fi ara lé e.

"Yéè! Ìwọ Ògiri, o bù mí jẹ!"

"Mo bù ọ́ jẹ. Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ò ń kọjá ni. Ebi sì ń pa mí."

Ògiri àkọ́kọ́ bù ú jẹ lápá. Ògiri kejì bù ú jẹ nítan. Ní ilé ìdáná, àgbá omi la ẹnu sílẹ̀, ó sì mu lára ohun tó kù. Nígbà tí Wáífáì fi máa dé yàrá Ìyá Àgbà, ó ti tín-ín-rín bí èéfín àtùpà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìyá Àgbà gbé fóònù sétí, kò gbọ́ nǹkan kan àfi ìró bí ìgbà tí ìyanrìn ń dà sórí páànù.

Ládélé ní, "Màmá, bó bá di ọjọ́ náà, a ó gbé yín lọ sí pálọ̀."

"Ẹ ò gbé mi lọ síbì kankan. Orí ẹní yìí ni mo bí Àsàbí sí. Ibi tí ìyá ti jáde ni orúkọ ọmọ yóò ti jáde. Àbí ẹ fẹ́ kí n lọ máa sọ ọmọ lórúkọ níwájú àwo?"

Ládélé padà sọ́jà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ra àpótí ńlá kan tí ìwo yí lórí ká bí ẹran abàmì. Ó fi okùn so ó mọ́ ti àkọ́kọ́ ní pálọ̀. Ẹni tó tà á fún un ti búra pé igbe àpótí náà á la ògiri já. Kò parọ́. Àmọ́ kò sọ òótọ́ tán.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ní òkè òkun, omi ti wà nínú ife, oyin ti wà nínú àwo, ọmọ wà lọ́wọ́ Àsàbí. Oníwo pariwo. Ògiri bù ú jẹ, bù ú jẹ, síbẹ̀ ó kù. Ohùn Àsàbí sì jáde kedere nínú fóònù Ìyá Àgbà.

"Màmá o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo wa ti jókòó o. Ẹ pe ọmọ yín!"

Inú Ládélé dùn, ó ń fò sókè. Ìyá Àgbà la ẹnu, ó sì pe orúkọ náà. Ṣùgbọ́n fóònù ìyá kò ní ìwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀. Orúkọ jáde nínú rẹ̀ bí òròmọdìẹ, ó forí lé ọ̀nà, àgbá omi sì mu nínú rẹ̀, Ògiri gé e, Ògiri tún gé e. Kò ku nǹkan kan nígbà tó dé pálọ̀.

"Màmá, a ò gbọ́ yín o. Màmá?"

Ìyá Àgbà pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi igbe pè é.

"Màmá, àwọn bàbá ọkọ mi ń wo oòrùn o."

Ìyà wo ló tó kéèyàn máa gbọ́ ọmọ rẹ̀, kí ọmọ má gbọ́ ọ? Omi bọ́ lójú Ìyá Àgbà. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ tó ń bínú.

Ó ní, "Ògiri, kí la fi ṣe ọ́?"

Ohùn Ògiri jáde, ó wúwo, ó sì tutù bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò.

"Nígbà tí mo jẹ́ amọ̀, ẹ̀yin obìnrin ilé yìí ń fi ewé àti ìgbẹ́ màlúù pa mí lára lọ́dọọdún. Ẹ ń kọrin bí ẹ ti ń pa mí. Oúnjẹ mi nìyẹn. Ládélé wá ní ará oko ni mí. Ó ki irin bọ inú mi, ó rọ sìmẹ́ǹtì lé e. Ó ní kí n di òrùlé mú, òun á máa fún mi lóúnjẹ tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ṣé ẹnì kan tiẹ̀ ti kí mi rí?"

Ìyá Àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ládélé, o gbọ́?"

"Màmá, ọwọ́ ló dí."

"Ọwọ́ dí! Ẹnu ò dí nígbà tí ò ń ṣèlérí."

Tinúadé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. A ó máa kùn yín ní ọ̀dà lọ́dọọdún."

Ògiri rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́ irú ìlérí yẹn rí. N kò lè pọ ohun tí mo ti gbé mì. Ẹnikẹ́ni tó bá gba inú mi kọjá, n ó máa bù ú jẹ. Owó iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nítorí ọwọ́ tí Ìyá Àgbà fi lé mi lára, ẹ gbọ́: n kì í jẹ ohun tó bá wà nínú okùn. N kì í jẹ ohun tó bá gba orí mi kọjá. Ẹ yé fi ẹni kan tó ń pariwo jẹ mí níyà láti òkèèrè. Ẹ mú ẹni jẹ́jẹ́ wá sítòsí."

Nígbà tí Oníwo gbọ́ èyí láti pálọ̀, ojú tì í. Ó ká àwọn ìwo rẹ̀ wọnú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara rẹ̀ rọ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀kọ tí wọ́n dà sínú àwo, ó funfun bí òṣùpá. Ó wá là di òṣùpá méjì.

Tinúadé ò dúró gbàṣẹ. Ó ká aṣọ kúrò lórí àpótí àkọ́kọ́, ó jù ú sínú bàsíà ìfọṣọ. Ó gbé àpótí náà jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ládélé gbé àkàbà. Wọ́n lẹ òṣùpá kan mọ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárín ilé. Wọ́n lẹ èkejì mọ́ àjà yàrá Ìyá Àgbà, lókè ẹní rẹ̀ gan-an. Wọ́n ta okùn láti àpótí pálọ̀ lọ bá ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún ta á láti ibẹ̀ dé ti ìyá, òkè orí ògiri ni wọ́n sì gbà.

"Ẹ pè é wàyí, Màmá!" ni Tinúadé wí. Ojú ọ̀run òkè òkun ti ń pọ́n, oòrùn ku bí èékánná.

Ìyá Àgbà kò pariwo mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí ojú ọmọ tó ń sùn.

"Morẹ́nikéjì."

Orúkọ náà gòkè lọ bí ìyẹ́, ó wọ inú òṣùpá, ó wọ inú okùn, ó sáré gba orí gbogbo ògiri kọjá, ó la òkun. Odidi ló dé.

"Morẹ́nikéjì!" ni gbogbo wọn dáhùn níbẹ̀. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ la ojú. Ó wá yán, ó yán gan-an, yíyán náà sì gba okùn padà wálé. Ìyá Àgbà yán. Tinúadé yán. Ládélé yán lórí àkàbà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ògiri pàápàá yán, eruku sì bọ́ lára rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Òṣùpá tó wà lájà yàrá kò rí irú èyí rí, pé èèyàn lè fi orúkọ kan ṣoṣo gbá ọmọ tó wà lókè òkun mọ́ra. Ẹnu yà á. Iná kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, ó kú, ó tún tàn.

Láti ọjọ́ náà ni ògiri ti ń bu Wáífáì jẹ, tí oníbúlọ́ọ̀kù àti onírin sì ń jẹ jù. Láti ọjọ́ náà ni àpótí ọlọgbọ́n ti sọ ìwo nù, tó tẹ́ bí àwo, tó ń lẹ̀ mọ́ àjà láàrin ilé, tí ilé gígùn sì ń fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Láti ọjọ́ náà náà ni iná rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú. Bí ẹ bá rí i tó ń ṣẹ́jú, ẹ má gbá a létí, kò bàjẹ́. Orúkọ ẹnì kan ló ń kọjá.