Àìsàn Tírélà Olóyè

Olóyè Adéróunmú ló ni ọ̀nà tuntun tí àwọn onítírélà ń sanwó gbà, tírélà tirẹ̀ tó sọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jóná ló sì dábùú ọ̀nà ọ̀fẹ́, tí ọkọ̀ fi ń fà bí ìgbín níbẹ̀. Nígbà tí Mùdáṣírù awakọ̀ kó tòmátì dé tóògéètì ọ̀nà tuntun náà, Olóyè sọ owó di ìlọ́po mẹ́ta: "San án, tàbí kí ìwọ àti tòmátì rẹ lọ jẹrà lọ́hùn-ún."  Mùdáṣírù fi ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà náà, ó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ṣẹ́ ewé tútù, ó sì tò ó sórí títì lẹ́yìn rẹ̀, bí awakọ̀ ti ń ṣe bí ọkọ̀ bá kú. Àwọn tó ń bọ̀ rí ewé lókèèrè, wọ́n yà sí ọ̀nà ọ̀fẹ́, tóògéètì sì dá wáí. Olóyè sáré jáde. "Kó ewé yẹn kúrò." "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin náà ní tírélà, ẹ mọ̀ pé a kì í kó ewé títí ọkọ̀ yóò fi jí." "Mo ní mẹkáníìkì. Kí ló ń ṣe é?" "Ohun tó ń ṣe tiyín lọ́hùn-ún ni, Bàbá. Bí ìyẹn bá ti lè dìde, tèmi náà á dìde." Olóyè wo ọ̀nà rẹ̀ tó ṣófo, ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ tírélà yọ. Ẹnu ya gbogbo awakọ̀: ẹ́ńjìnnì tó jóná, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún, tírélà sì kúrò lọ́nà. Mùdáṣírù ṣa ewé rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọ̀fẹ́ lọ.