Ìdí Tí Àpáta Fi Ń Dá Ohùn Wa Padà Fún Wa

Nígbà láéláé, nígbà tí àpáta ṣì máa ń jíṣẹ́, àpáta ńlá kan wà láàárín igbó, ó sì ní ihò kan lára. Bí o bá fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, wàá fi ẹnu sí ihò náà, wàá dárúkọ onítọ̀hún, wàá sì sọ tẹnu rẹ. Etí ẹni tí o dárúkọ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yóò bọ́ sí, bó tilẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun igbó.

Ohun tó dára ni. Bí ara ọmọ bá gbóná, ìyá rẹ̀ á fi ránṣẹ́ pe oníṣègùn.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú, odò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹfọ̀n, olórí àwọn ẹranko, pe ìpàdé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kí wọ́n fi igi dí odò, kí omi lè dúró sọ́dọ̀ wọn.

Etu dìde, ó ní, "Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ńkọ́? Kí ni wọ́n máa mu?"

Ìpàdé gbè sẹ́yìn Etu. Ọ̀rọ̀ parí. Ó parí lójú gbogbo ẹranko, àfi Ọ̀kẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹnu lé ihò àpáta. "Etu! Olóríburúkú! Ta ló ní kí o máa sọ̀rọ̀ láwùjọ?"

Etu ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i létí. Ó fò sókè, ọmú já lẹ́nu ọmọ. Kò tíì jókòó tán tí òmíràn tún dé. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí èébú sú Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn Ẹfọ̀n jẹ. "Etu, máa bọ̀ létí odò kíákíá, ìpàdé wà!" Etu á pọn ọmọ, á sáré débẹ̀, kò ní bá ẹnì kankan. Ọ̀kẹ́rẹ́ á wà lórí igi, á máa rẹ́rìn-ín, á di ikùn mú. Ẹ gbà mí, kí la fẹ́ pe irú èyí?

Òyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ omi yẹn náà ni? Ṣé o kò lè lọ bá a nílé, kí ẹ jọ sọ ọ́?"

"Ṣé mo fọwọ́ kàn án ni? Ẹnu lásán ni."

Etu tọ àpáta lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ iṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ fún mi mọ́. Ó ti sú mi. N kò rí oorun sùn, omi ọyàn mi ti ń gbẹ."

Àpáta ní, "Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán mi ni mò ń jẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kàn mí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná ṣẹ́ yọ nínú igbó. Ẹfọ̀n sáré síbi àpáta, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Iná ń bọ̀! Sá lọ sódò!" Gbogbo wọn sá. Etu gbọ́, ó pòṣé, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Nígbà tí wọn kò rí i létí odò, Ẹfọ̀n padà wọ inú èéfín, ó sì fi ìwo ti ìyá àtọmọ jáde. Irun ẹ̀yìn ọmọ ti jó. Ó ń húkọ́, kò lè sunkún.

Nígbà tí iná kú, gbogbo wọn péjọ síwájú àpáta. Ẹfọ̀n bi Etu pé, "Ṣé o kò gbọ́ ohùn mi ni?"

"Mo gbọ́, bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀dógún ni mo ti gbọ́ ohùn yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pè mí sípàdé títí, n kò bá yín níbẹ̀ rí."

"Èmi kẹ̀?"

Òyà wo Ọ̀kẹ́rẹ́, gbogbo ojú sì yí sí i. Ó ní, "Eré ni mò ń ṣe. Àbí ta ló ní kí àpáta máa gbé e lọ?"

Inú bí àpáta débi pé ilẹ̀ mì. Ó ní, "Òótọ́ ni, èmi ni mo gbé e. Mo ní kò kàn mí, ṣùgbọ́n ó kàn mí. Ó tó gẹ́ẹ́! N kò gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan mọ́. Kí kálukú máa gba tirẹ̀ padà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ pariwo pé, "Àpáta burúkú!"

"Burúkú!" ni ohùn ara rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì wọ̀ ọ́ létí.

Etu sún mọ́ àpáta. "Bàbá, ọmọ mi ń húkọ́. Ẹ bá mi pe oníṣègùn, lẹ́ẹ̀kan péré."

Ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ náà padà sí i. Ó pọn ọmọ, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá ké sí àpáta ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, tí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹlòmíràn sọ sì ní láti dìde, kó rìn dé iwájú onítọ̀hún.