Òkété Elépo Òkè-Ọ̀sà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò dé ibì kankan. Tìbínú-tìbínú ni mo fẹ́ fi pa ti òní, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa dé ẹ̀yìnkùlé. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já láti orí ọ̀pẹ, ó bọ́ gbì! Kò bọ́ lé ọba, kò bọ́ lé ìjòyè, ó bọ́ lé Àgbébọ̀ adìẹ àti Òkété ní ìlú Abẹ́-Ọ̀pẹ.

Ní ìlú yìí, ibi tí o bá yíjú sí, ọ̀pẹ ni. Bí wọ́n bá fún epo pupa tán, wọ́n á pa èkùrọ́, wọ́n á dín in nínú ìkòkò títí àdín yóò fi jáde, wọ́n á bu àdín sínú fìtílà. Kò sí ilé tí kò ní tirẹ̀. Nítorí ìjàlọ ni. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn eèrà burúkú wọ̀nyí á tò jáde nínú igbó, ohun tí wọ́n bá bá lọ́nà ni wọ́n ń jẹ. Iná nìkan ni wọ́n ń yà fún. Fìtílà ẹnu ọ̀nà ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké rí oorun sùn.

Ó di ọjọ́ kan, Òkété ti àjò dé. Ó gbé àkèǹgbè kan lọ́wọ́, ó fi aṣọ funfun wé e lọ́rùn. Bó ṣe wọ ààfin, ó di imú.

"Kábíyèsí o! Kí ló ń rùn báyìí? Ní Òkè-Ọ̀sà tí mo ti ń bọ̀, bí àlejò bá gbóòórùn àdín, ẹ̀yìn ni yóò padà sí. Ẹ gbóòórùn tiwọn."

Ó ṣí àkèǹgbè. Òórùn dídùn gba ààfin kan.

Ojú ti Ọba Ẹfọ̀n. Ẹ gbà mí o, ojú tì í nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ fi ríran! Kíá, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dín àdín mọ́ láàárín ìlú. Epo Òkè-Ọ̀sà ni kí gbogbo wọn máa rà lọ́wọ́ Òkété.

"Èkùrọ́ tó wà nílẹ̀ wá ńkọ́?" Àgbébọ̀ ló béèrè.

"Ìdọ̀tí nìyẹn, ìyá," ni Òkété wí. "Màá máa bá yín kó o dànù. Iṣu kan péré láti ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣe owó ẹrù mi."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Wọ́n ń fún un ní iṣu kó lè kó èkùrọ́, wọ́n tún ń fún un ní iṣu kó lè ta epo fún wọn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Kò burú. Ẹ̀rín yín kò ní pẹ́.

Nígbà tó yá, àkèǹgbè Òkété ń kéré sí i, iṣu tó ń gbà ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá béèrè, á ní, "Òkun ló ń ru." Bí wọ́n bá tún béèrè, á ní, "Ọkọ̀ ò tíì dé." Ẹni tí kò lè rà á ń sùn nínú òkùnkùn.

Àgbébọ̀ ń tọ́ àwọn òròmọdìẹ lọ́wọ́ nígbà náà. Tíńńtín ni wọ́n ń pe àbíkẹ́yìn wọn. Iṣu rẹ̀ ti tán, gbogbo àgbàdo tí ìyá yìí tọ́jú ló ti kó fún Òkété dípò iṣu. Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, epo inú fìtílà rẹ̀ kò tó fi pa ètè. Ló bá sáré tọ Òkété lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ kán díẹ̀ sí i fún mi. Ìjàlọ ń bọ̀, mo ní ọmọ nílé."

"Ṣé ọmọ ni mo fẹ́ fi dáná ni? Kó àgbàdo wá."

"Àgbàdo ti tán. Ọ̀dọ̀ yín ló wà."

"Lọ máa gbàdúrà nígbà náà, kí ìjàlọ má mọ ọ̀nà ilé rẹ." Ó pa ilẹ̀kùn dé, gbàgà!

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, fìtílà Àgbébọ̀ ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ó kú. Ìjàlọ dé. Àgbébọ̀ ń gbé ọmọ fò lọ sórí àjà, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó tún ń gbé òmíràn. Nígbà tó padà wá gbé Tíńńtín, ìyẹ́ díẹ̀ ló bá nílẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ wá kí i. "Pẹ̀lẹ́ o, Àgbébọ̀. Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Má pa irọ́ mọ́ Ọlọ́run níwájú mi! Àìsí epo ló pa ọmọ mi, nínú ìlú tí ọ̀pẹ bò mọ́lẹ̀!"

Pẹ̀lú ìbínú yẹn ló fi ń tọ ipa ìjàlọ. Ipa náà lọ tààrà. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé Òkété, ó yà bìrí, ó yí ibẹ̀ po, kò fẹsẹ̀ kàn án rárá. Àgbébọ̀ dúró. Kò rí fìtílà kankan níbẹ̀. Kí ni ìjàlọ yà fún? Ìjàlọ kì í yà fún ohunkóhun àfi iná.

Ó tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ilẹ̀ gbóná. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha á, wàrà-wàrà, wàrà-wàrà! Ilẹ̀ jìn, gbìì! Èkùrọ́ Abẹ́-Ọ̀pẹ ló wà nínú ihò, òkìtì-òkìtì. Èso lápálápá tí wọ́n ń gbọ̀n dànù lára ọgbà wọn wà níbẹ̀, ó ń fún epo inú rẹ̀ lu àdín. Àdín ń hó lórí iná, koríko ọba tó ń ta sánsán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni Òkété fi ń pa òórùn àdín mọ́. Àwọn àkèǹgbè tò lọ, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Òkété fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, àdín dé e nígbọ̀nwọ́. Kò sí Òkè-Ọ̀sà kankan.

Àgbébọ̀ figbe orin bọnu. Ẹ gbè é fún mi:

Òkété, epo ta lò ń tà?
*Tere-n-tere, iná ń jó*
Ẹ̀yìnkùlé wa lo ti kó o
*Tere-n-tere, iná ń jó*
A fiṣu bẹ̀ ọ́ kó o kó o lọ
*Tere-n-tere, iná ń jó*
A fiṣu bẹ̀ ọ́ kó o tà á fún wa
*Tere-n-tere, iná ń jó*
Ọmọ mi kú sínú òkùnkùn
*Tere-n-tere, iná ń jó*

Gbogbo ìlú pé. Òkété kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

"Kí ni mo jí? Ẹ̀yin lẹ ní ìdọ̀tí ni. Ẹ̀yin lẹ fún mi níṣu!"

Òótọ́ ló sọ. Ọba Ẹfọ̀n họ orí. "Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà."

Àgbébọ̀ yíjú sí i. "Kí lẹ fẹ́ wádìí, Kábíyèsí? Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ ihò yìí, ẹ ó mọ̀ bó bá gbóná. Òkété ta epo wa fún wa, ṣùgbọ́n ẹnu yín ló pa fìtílà wa. Òórùn ń tì yín lójú. Èmi, mi ò rí ju ìyẹ́ lọ sin."

Ọba sorí kọ́. Kò sí ẹni tó tún dúró gbọ́ àṣẹ. Wọ́n ti ìhá ẹyìn bọ àdín, wọ́n fi iná sí i, wọ́n kì í bọ ẹnu ihò. Ọjọ́ gbogbo ni òkété mọ̀, kò mọ ọjọ́ mìíràn. Ó gba ẹ̀yìn ihò sá jáde, iná jó o nírù, ìdajì ìrù náà sì funfun títí dòní. Èéfín kan náà ni àwọn ọdẹ ṣì fi ń lé e jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ń dín èkùrọ́. Àlejò kan ń kọjá lọ, ó di imú. Àgbébọ̀ ní, "Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ọ̀nà rèé." Fìtílà tàn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Tíńńtín kò padà wá.

Ìdí nìyẹn tí adìẹ fi ń ha ilẹ̀ títí dòní, bí o tilẹ̀ da àgbàdo síwájú rẹ̀. Kò gba ohun tí wọ́n bá gbé fún un gbọ́ mọ́ títí yóò fi rí abẹ́ rẹ̀.

Ibi tí epo àlọ́ mi gbẹ sí nìyí. Bí mo bá bu omi là á, kí fìtílà ẹnu mi kú. Bí mi ò bá bu omi là á, kó máa tàn yòò.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, kí ẹ má gbàgbé: ìlú tó bá ń tijú ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ fún un, olè ni yóò máa kó o tà fún un, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì máa san án.