Awẹ́rọ̀ Tó Wọ́ Alààyè Jáde Láàárín Òkú

Ọjọ́ tí àwọn tó pe ara wọn ní Olódodo wọ Ìlápó, àárọ̀ ni, àwọn èèyàn ń lọ sóko. Ẹni tó sá, wọ́n yìnbọn fún un. Ẹni tó kúnlẹ̀, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Wọ́n ní àdúrà ìlú náà kò mọ́. Wọ́n kó ọgọ́rin ọkùnrin tó ṣẹ́ kù sínú ọgbà màlúù lẹ́yìn odi, láìsí oúnjẹ, omi ẹrẹ̀ ni wọ́n ń mu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú méjì tàbí mẹ́ta jáde lọ pa, kí ìyókù máa wò. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́wà, a kò sì ní bu ẹwà kún un.

Awẹ́rọ̀ ni oníyọ̀ tí gbogbo ọjà mọ̀, opó gìrìpá, ọlọ́rùn líle tí í ru àpò iyọ̀ kọjá odò Àránkò láìsọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Oyèkàn ahunṣọ, wà nínú ọgbà yẹn. Nígbà tí òórùn òkú wá le ju ohun tí àwọn ọmọ ogun lè mú mọ́ra, tí olórí wọn sì ti ṣòfin pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú kò gbọdọ̀ jagun mọ́, Awẹ́rọ̀ lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Adéwusi lorúkọ rẹ̀, ọmọ abúlé tó múlé ti Ìlápó ni.

"Ẹ jẹ́ kí n máa wọ́ wọn lọ sin," ló wí.

Adéwusi rẹ́rìn-ín. "Ìyá oníyọ̀, ṣé ẹ fẹ́ fi iyọ̀ pa wọ́n lára kí ẹ lè tà wọ́n ni? Ẹ wọlé."

Bó ti rí ọmọ rẹ̀, oríkì bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Àlàdé mi." Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Adéwusi gbọ́, ó sì mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ló ń wá ojú Oyèkàn láti fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Awẹ́rọ̀ ń fi ẹní di òkú, ó ń wọ́ wọn lórí imọ̀ ọ̀pẹ lọ sétí odò. Bó bá wọ́ òkú méjì, ẹni kẹta á jẹ́ alààyè tó ti di eegun lásán, tó sé èémí. Ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ fọwọ́ kàn án wò. Létí odò, á tú u, á nawọ́ sí òkè tó wà lódìkejì, á ní kó máa lọ. Mọ́kàndínlógún yọ báyìí.

Oyèkàn nìkan ni kò ṣeé dì. Ní gbogbo ilẹ̀ náà, bí ọmọ bá kú, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí òkú, wọn kì í sì fi sàréè hàn án. Adéwusi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá rí ìyá tó ń wọ́ ọmọ rẹ̀, á mọ̀ pé ọmọ náà kò kú.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. "Ìwọ ni màá dì lónìí," Awẹ́rọ̀ sọ fún Oyèkàn jẹ́jẹ́.

"Ẹ má ṣe é, Ìyá mi. Ẹ gbé Fádípẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ lóyún."

"Ṣé èmi ni mo bí Fádípẹ̀?"

"Ẹ gbé e. Ó fúyẹ́ jù mí lọ."

Ó gbé Fádípẹ̀. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti mú Oyèkàn jáde.

"Tiyín ló kàn," Adéwusi wí. "Ẹ máa lọ sílé. Ẹyẹ á bá yín sin ín."

Awẹ́rọ̀ kò yíjú. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó dúró títí wọ́n fi pa á. Ó fi ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ojú ọmọ náà, ó ní: "Ẹ ti pa èyí tí mo bí. Ẹ kò ní pàṣẹ ibi tí yóò sùn. Èmi ni mo tẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí mo bí i, èmi náà ni màá tẹ́ ẹ." Kò sí ẹni tó dá a dúró. Ó wọ́ ọ kọjá odò, kò sì padà. Àwọn tó kù nínú ọgbà, ẹyọ kan kò yọ nínú wọn.

Ogún èèyàn tó ti yọ ló bá lórí òkè, ibẹ̀ ló sì sin Oyèkàn sí. Wọ́n kọ́lé yí sàréè náà ká, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Òkè Awẹ́rọ̀. Títí dòní, bí ọmọ bá kú níbẹ̀, wọn kì í ti ìyá rẹ̀ mọ́lé. Àwọn ọkùnrin á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sì fà sẹ́yìn. Ìyá ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi ṣe tán.