Ìka Aláró

Obìnrin kan wà, aláró ni. Ní gbogbo ìlú rẹ̀, kò sí aró tó dúdú tó tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé aláró kì í fi ojú mọ̀ bóyá aró ti gbó. Ahọ́n ló fi ń tọ́ ọ wò. Bí ó bá tètè ki aṣọ bọ̀ ọ́, aró kò ní mú. Bí ó bá pẹ́ jù, aró á kú, kò sì ní wúlò mọ́.

Obìnrin yìí láàánú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kí aró kú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ní, "Ìyá, ṣé ó ti tó?" á ti ìka bọ ìkòkò, á lá a, á sì dá wọn lóhùn. Ogún ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé aró kì í kú ní agbolé rẹ̀, òun náà sì gbà pé olùkọ́ rere ni òun.

Ọ̀kan nínú wọn, Àṣàkẹ́, gba ìdásílẹ̀, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà dé, agbè aró lórí. "Ìyá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò." Ìyá tọ́ ọ wò, ó ní kó ki aṣọ bọ̀ ọ́ lọ́gán. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé wọn ò tíì lè ṣe é láìsí òun. Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ kan ni ìlú náà. Kí Àṣàkẹ́ tó délé, aró ti kú. Aṣọ ìyàwó tí wọ́n gbé fún un jáde bí àkísà ìdí ìkòkò.

Lóṣù kejì, ó tún gbé agbè dé, omi lójú rẹ̀. "Bí èyí bá tún kú, wọn ò ní gbé aṣọ fún mi mọ́."

Ìyá na ìka, ó tún fà á padà. "Ahọ́n tìrẹ ńkọ́?"

"Kò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ẹ ò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n."

Ojú ti ìyá náà gan-an. Ó ní kí Àṣàkẹ́ jẹ́ kí aró tó fi sílé rẹ̀ kú, kó dúró po òmíràn lọ́dọ̀ òun. Ìkòkò kìíní kú. Èkejì kú. Àwọn ará ilé ń ráhùn pé ó ń fi ewé ẹ̀lú ṣòfò. Ìyá ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìka ń yún un láti tọ́ aró wò, ó fi ìdí jókòó lé e.

Ní ìdí ìkòkò kẹta, Àṣàkẹ́ tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò.

"Ó ti tó."

Ìyá kò lá a. Ó wọlé, ó gbé aṣọ funfun tó fẹ́ràn jù lọ jáde, ó kì í bọ inú aró náà. Ó dúdú minimini.

Ìwọ olùkọ́ tó ń gbọ́ mi, gbogbo wa mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá bi ọ́ lọ́la pé ṣé ó ti tó, fi ìka rẹ sábẹ́ itan, kí o bi í padà. Jẹ́ kí ìkòkò bíi mélòó kan kú níṣojú rẹ, nítorí èyí tí o kò bá jẹ́ kó kú níṣojú rẹ, ẹ̀yìn rẹ ni yóò kú sí.