Tọ́ọ̀ṣì Ògúndépò Nínú Igbó Àìmọ́jú

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi ìdí kalẹ̀, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi korò bí ewúro tí a kò fọ̀, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí kíkorò da àgbo nù. Ògúndépò ọmọ Ajíbógun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọdẹ Òkè-Ìrókò, ọkùnrin tó ga bí ọ̀pẹ, tó sì ní sùúrù bí ìgbín. Láníyọnu ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Láníyọnu yìí ló lépa àgbọ̀nrín wọ Igbó Àìmọ́jú, igbó àwọn iwin, níbi tí oòrùn kò ti yọ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí kò sì padà wálé mọ́. Ìyá wọn kọ oúnjẹ, ó kọ omi, ó ní àfi bí òun bá rí ọmọ òun.

Ògúndépò lọ sí ìsọ̀ Bàbá Ráúfù tó ń ta tọ́ọ̀ṣì. Baba gbé ọ̀kan sílẹ̀ tó gùn bí ọmọ odó, ó ní, "Bí o bá tan èyí níbí, wọn á rí i ní ìlú kejì." Ògúndépò gbé e wò, ó wúwo, ó sì ń gbóná lọ́wọ́. Ó wá mú kékeré kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó rì í bọ omi, kò kú. Ó jù ú sílẹ̀, kò fọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹyin iná.

"Bátìrì irú èyí a máa pẹ́," Bàbá Ráúfù sọ, "ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ á fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

"Kí wọ́n rẹ́rìn-ín, Baba. Ọwọ́ kan ni mo ní fún iná, ìbọn ló ni ìkejì."

Bí ó ti wọ inú igbó náà ni òkùnkùn dì mọ́ ọn bí aṣọ tútù. Iwin kan dìde lójú ọ̀nà, Olójú-Kángá ni orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì jìn débi pé omi ń dún nísàlẹ̀ wọn.

"Ìwọ ọmọ ènìyàn," ni iwin náà wí, "àwọn tó ṣáájú rẹ gbé iná tó dà bí oòrùn ọ̀sán wọlé wá. Èéṣe tí tìrẹ kò fi ju ti tanátaná lọ? Ṣé o fi wá ṣẹ̀sín ni?"

Ògúndépò dọ̀bálẹ̀. "Baba, àlejò kì í ju onílé lọ. Ẹ̀yin lẹ ni òkùnkùn yìí, n kò wá lé e jáde. Iná ńlá a máa fi ẹni tó gbé e hàn ju ohun tó ń wá lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ mi máa tẹ̀ ni mo fẹ́ rí, lẹ́yìn náà, ojú àbúrò mi."

Iwin náà mi orí. Ó fi egungun àwọn ọdẹ hàn án, bí wọ́n ti sùn lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀ṣì ńláńlá tó ti kú. "Mú àbúrò rẹ máa lọ," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ yẹn tó ẹni méjì, bí wọ́n bá ń rìn pọ̀."

Ògúndépò bá Láníyọnu nídìí ìrókò kan, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún. Ìgbà tí wọ́n dé etí àbàtà, Láníyọnu ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú iná náà, kí ẹ lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi."

Ó fún un. Wọ́n wọ àbàtà, ẹrẹ̀ mu Ògúndépò dé ìbàdí. Bí wọ́n ti súnmọ́ etí kejì, Láníyọnu fi èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn, ó fò sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹrẹ̀ sì mu ẹ̀gbọ́n dé àyà.

"Láníyọnu, na ọwọ́ sí mi!"

Láníyọnu wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì sá. Ìmọ́lẹ̀ náà ń fò láàárín igi, ó dà bí ojú ológbò, ó dà bí ẹyọ iyanrìn, kò sì sí mọ́. Iwin kankan kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń ti àwọn náà.

Gbòǹgbò igi ni Ògúndépò dì mú tó fi fa ara rẹ̀ yọ. Láti igi dé igi ló ń fọwọ́ tálẹ̀ bọ̀, ẹ̀gún sì gba ojú rẹ̀ kan. Nígbà tó délé, ó bá Láníyọnu lórí àga òun Ògúndépò, tó ń sọ fún àwọn èrò bí òun ti bá iwin jà nítorí ẹ̀gbọ́n òun, tí agbára kò ká a. Bí ẹ̀gbọ́n ti wọlé, Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ wà lẹ́yìn mi ni."

"Mo wà lẹ́yìn rẹ," Ògúndépò dáhùn. "Ẹ̀yìn rẹ ni mo ń wò títí ìmọ́lẹ̀ fi tán."

Ìyá wọn di àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀ mú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ògúndépò gbé ìyá dìde. Agbolé kan ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń gbé, wọn kò jẹun nínú àwo kan mọ́. Ọjọ́ tí ìyá kú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sunkún.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọmú kan náà lè tọ́ ìwà méjì. Ẹni tí ẹ ó pọ̀n kọjá àbàtà, ẹ mọ ìwà rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ó bá sì ti já yín sílẹ̀, ẹ wá gbòǹgbò dì mú, nítorí igi kì í sá.