Jéró Ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró

Ìlú ọ̀dàn ni Ògúndèjì ti fẹ́ Àwẹ̀ró wá sí Òkè-Ìgàn, abúlé inú igbó tí wọn kò ti gbin ohun mìíràn ju iṣu, kókò àti àgbàdo lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi ń mọ ìyàwó gidi níbẹ̀. Bí ọdún iṣu titun bá ń bọ̀ lọ́nà, ìyálé ilé á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó tí koríko bá ṣẹ́kù sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ odó lọ́jọ́ ọdún. Wọn kò yẹ ti ọkùnrin kankan wò o.

Ọdún àkọ́kọ́ Àwẹ̀ró nìyí. Ó ń wù ú kó bá wọn gúnyán ọdún, kí wọ́n yéé pè é ní ará ọ̀dàn. Ó roko kanlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí àwọn oníṣòwò obì tó ń ti ọ̀dàn wá máa ń gbọn àpò wọn sí, ọkọ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Jéró rèé, irú èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣe ògì nílé. Ẹyọ kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò sì gbìn ín. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pàdé ọmọ ìyá rẹ̀ lájò. Ó fi í sílẹ̀.

Tinúoyè, ìyálé ilé, kó àwọn obìnrin yòókù dé.

"Ìyàwó, ta lo fi eèsún yìí sílẹ̀ dè?"

"Jéró ni, ìyálé mi."

"Eèsún ti wá ń jẹ́ orúkọ àlejò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó yọrí. Bó bá jẹ́ eèsún, èmi ni n ó máa ro ẹ̀yìnkùlé gbogbo yín títí ọdún á fi yípo."

Ta ni kò ní gbà? Àwọn tó mọ ọ̀lẹ í pè ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wá wò ó. "Tèmi ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ o," ni ọ̀kan wí, "òkúta ló pọ̀ níbẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, orí jéró náà ti yọ gbọọrọ, ó sì ti gbó.

"Ìrù eèsún rèé," ni Tinúoyè wí. Lóòótọ́, wọ́n jọra.

Àwẹ̀ró já orí náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó fẹ́ ìyàngbò dànù, ó sì da èyí tó kù sọ́wọ́ ìyálé: ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń dán. Tinúoyè jù ú sẹ́nu. Ó rún un. Ó tún nawọ́.

"Ẹ rọra, ìyálé mi, irúgbìn lẹ fẹ́ jẹ tán yìí."

"Ìwọ lo kọ́ mi ní jíjẹ rẹ̀. Bù ú wá."

Ẹ̀rín gba ẹ̀yìnkùlé kan. Ìyálé fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ odó lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́, obìnrin olókùúta sì lọ wá ọkọ́ tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ìgàn fi ń pa á lówe pé: "Jéró jọ eèsún lójú, àtẹ́lẹwọ́ ní í mọ èyí tó lọ́mọ."